Kí Ìlẹ̀kùn Bàálù Tó Tì

Aago tí wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í ṣe aago tó yẹ kí èrò dé pápákọ̀. Aago tí bàálù yóò ṣí kúrò níbi tó dúró sí ni. Kí aago yẹn tó lù, méjì mìíràn á ti lọ tí ọ̀pọ̀ èrò kì í fọkàn sí. Èkíní ni aago tí wọ́n ń ti káńtà ìforúkọsílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, tí wọ́n ń yẹ ìwé wò, tí wọ́n sì ń fún èrò ní káàdì ìwọkọ̀. Èkejì ni aago tí wọ́n ń ti géètì, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ sínú bàálù. Ẹni tí wọ́n bá ti èkíní mọ́ kò lè fi ẹrù sílẹ̀, kò sì lè gba káàdì. Ẹni tí wọ́n bá ti èkejì mọ́, ìbáà mú káàdì lọ́wọ́, ìbáà máa wo bàálù náà láti ojú fèrèsé, ilẹ̀ ló máa wà.

Fún ìrìnàjò tó ń kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń ti káńtà ní 60 ìṣẹ́jú ṣáájú aago ìgbéra. Àwọn kan ń fi sí 45 ìṣẹ́jú, àwọn mìíràn ń fi sí 90, pàápàá níbi tí àyẹ̀wò ìwé ti ń pẹ́. Géètì sábà máa ń tì ní 15 sí 20 ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbéra. Láàárín Nàìjíríà, níbi tí ìrìnàjò ti kúrú, 30 ìṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ wọn fi sí fún káńtà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ kọ sínú àdéhùn tó bá tíkẹ́ẹ̀tì rìn, nítorí náà iye tí èrò mọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan kò ṣeé gbé lé òmíràn, bí méjèèjì tilẹ̀ ń gbéra ní pápákọ̀ kan náà.

Fún ará Tré àti àwọn abúlé yòókù tó wà láàárín òkè Ìdáàṣà, tí wọ́n tún ń pè ní Dassa, ní Benin, àṣà mìíràn pátápátá ni èyí. Ní ibùdókọ̀ Dassa, mọ́tò kì í lọ títí yóò fi kún. Ẹni tó bá jókòó ló ni ìjókòó, awakọ̀ sì lè tẹ fèrè de ẹni tó lọ ra omi. Bàálù yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n ti ta ìjókòó rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, aago rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé, ìbáà kún, ìbáà ṣófo. Ohun tí èrò rà kì í ṣe àga kan pàtó. Ìlérí ló rà, pé wọn yóò gbé e bí ó bá fi ara hàn ní àsìkò, pẹ̀lú ìwé tó pé. Apá kejì ìlérí yìí ni àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ jáde ní ẹnu, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu ẹni tí yóò gùn ún.

Ìdí tí wọ́n fi ń ti káńtà ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo ló ṣáájú. Kí bàálù tó gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan tó ń sọ iye tí ọkọ̀ náà wúwo lápapọ̀: èrò, ẹrù inú ikùn ọkọ̀, ẹrù àwọn oníṣòwò, àti epo. Ìwé náà tún gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìwúwo náà pọ̀ sí, iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni awakọ̀ ti ń mọ iye eré tó máa sá lórí ilẹ̀ kó tó gbé imú sókè, àti bí yóò ṣe to ìrù ọkọ̀ náà. Bí orúkọ èrò kò bá tíì pé, ìwé náà kò lè parí. Bí èrò mẹ́wàá bá sì wọlé lẹ́yìn tí ó ti parí, ìwé náà ti di irọ́ nìyẹn.

Kútọnu mọ ohun tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lè fà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ 2003, ọjọ́ Kérésìmesì, bàálù Boeing 727 kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ UTA ti orílẹ̀-èdè Guinea fẹ́ gbéra láti pápákọ̀ Cadjèhoun níbẹ̀. Conakry ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ sí Kufra ní Líbíà, Beirut àti Dubai. Ọ̀pọ̀ nínú èrò rẹ̀ jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń lọ ṣe ọdún nílé. Ó sáré dé òpin ọ̀nà ìgbéra, ó gbára dìde díẹ̀, ó kọlu ilé kékeré kan tí ẹ̀rọ atọ́nisọ́nà wà nínú rẹ̀, ó sì já sí etí òkun. Èèyàn tó lé ní 130 ló kú. Àwọn olùwádìí láti ilé-iṣẹ́ BEA ti ilẹ̀ Faransé, tó bá Benin ṣe ìwádìí náà, rí i pé ọkọ̀ náà wúwo kọjá ààlà, pé ìwúwo náà pọ̀ jù sí apá iwájú, àti pé àwọn tó ń wà á kò mọ bí ó ṣe wúwo tó ní tòótọ́. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní rí káńtà tó tì gẹ́gẹ́ bí ìwà ìkà òṣìṣẹ́.

Ẹrù ni ìdí kejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Òkudù 1985, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú bàálù Air India lókè òkun Àtìláńtíìkì, èèyàn 329 sì kú. Inú báàgì kan ni bọ́ǹbù náà wà, ẹni tó fi báàgì náà sílẹ̀ kò sì wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ 1988, báàgì mìíràn tí ẹni tó ni ín kò sí nínú ọkọ̀ ló já bàálù Pan Am lulẹ̀ sí Lockerbie ní Scotland, èèyàn 270 sì kú, ti inú ọkọ̀ àti ti orí ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni òfin àgbáyé ti múlẹ̀ gidigidi pé báàgì àti ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Bí èrò kan bá fi ẹrù sílẹ̀ tí kò sì yọjú ní géètì, wọn kò lè fi ẹrù náà lọ láìsí òun. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ikùn ọkọ̀ lọ, kí wọ́n wá báàgì kan rí láàárín igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì gbé e sílẹ̀. Ìyẹn máa ń jẹ àkókò gan-an, òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń pe orúkọ ẹni tó pẹ́ léraléra lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọn kò fẹ́ tú ẹrù.

Àwọn ìdí yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Orílẹ̀-èdè tí bàálù ń lọ lè béèrè orúkọ gbogbo èrò kí ìlẹ̀kùn tó tì, Amẹ́ríkà sì wà lára wọn. Òfin tún dá iye wákàtí tí awakọ̀ lè fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́ mọ́. Bí bàálù bá sì pẹ́ ní Kútọnu, èrò tó fẹ́ bọ́ sí ọkọ̀ mìíràn ní Paris, Casablanca, Istanbul tàbí Addis Ababa lè pàdánù ìyẹn náà, ẹni kan tó pẹ́ yóò wá di ẹrù ìnira fún ọgọ́rùn-ún.

Láti Tré, ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí èrò tó fojú kan bàálù rárá. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, tàbí mọ́tò ni yóò gbé e dé Dassa, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Natitingou tó gba Savalou bọ̀ ti ń pàdé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà gba Bohicon, Allada, Abomey-Calavi àti Godomey wọ Kútọnu, nǹkan bíi 200 kìlómítà. Mọ́tò ara ẹni tó dára lè fi wákàtí mẹ́rin rìn ín. Bọ́ọ̀sì á jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdúró ọ̀nà. Mọ́tò ibùdókọ̀ tó ṣì ń wá èrò kò ṣeé fi ìṣirò sí rárá, ẹni tó ní bàálù láti wọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìrètí lé e láìfi ọ̀pọ̀ wákàtí kún un.

Ibi tí àkókò ti ń sọnù jù kì í ṣe láàárín Dassa àti Bohicon. Ogún kìlómítà tó gbẹ̀yìn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló ń gbé ní Abomey-Calavi, nítorí náà òwúrọ̀ ni ọ̀nà tó wọ ìlú máa ń dí jù lọ, gan-an ní ìhà tí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìdáàṣà ń gbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ń ti ibí wá. Èrò tí bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago 10 òwúrọ̀ rò pé òun ti jáfáfá bí òun bá kúrò ní Dassa ní aago 4 ìdájí. Yóò dé Calavi ní nǹkan bí aago 7 àbọ̀, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú wà lójú ọ̀nà. Káńtà á tì ní aago 9. Wákàtí kan àbọ̀ péré ló kù fún un láti la Godomey kọjá dé Cadjèhoun, ọ̀nà tí kò gùn lójú àwòrán ilẹ̀ ṣùgbọ́n tó lè gba gbogbo àkókò náà. Bí èrò bá sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹbí ní Calavi, ó ti gé ọ̀nà kúrú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ló ṣì wà. Fún bàálù òwúrọ̀, inú Kútọnu gan-an ló yẹ kí èrò sùn.

Bàálù alẹ́ rọrùn díẹ̀ fún ará òkè. Ká ní aago 23:00 ni ìgbéra, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ní kí èrò dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Aago 20:00 ni kó wà lẹ́nu káńtà nìyẹn, kó sì la Calavi kọjá kí àwọn tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tó kún ojú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kúrò ní Dassa kó tó di aago 11 òwúrọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì ti kúrò ní Tré ní aago 9. Ìdajì ọjọ́ ló lọ yẹn, ó sì lè dà bí àṣejù lójú ẹni tó mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin ni ọ̀nà. Táyà tó jò ní ẹ̀yìn Bohicon, tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tó dojú dé láàárín títì, ló máa ń jẹ́ kí àṣejù náà tó.

Àárín oṣù Ògún tún ní tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn onígbàgbọ́ Kátólíìkì láti gbogbo Benin àti òkèèrè ń gun Dassa wá sí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo. Nígbà tí ìsìn bá parí, gbogbo wọn á jọ gba ọ̀nà gúúsù lẹ́ẹ̀kan náà, àyè inú bọ́ọ̀sì á wọ́n, ọ̀nà á sì dí láti Dassa fúnra rẹ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ yẹn, kó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu ṣáájú ọdún náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ aago àti ọjọ́ ń dẹ pakúté fún èrò. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ pé 00:20, ọjọ́ 12, alẹ́ ọjọ́ 11 ni kí èrò wà ní pápákọ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ẹni tó bá dé ní alẹ́ ọjọ́ 12 ti fi odidi ọjọ́ kan pẹ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá bàálù náà padà. Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ aago ìlú tí wọ́n ti ń gbéra. Èyí kò yọ ẹni tó ń lọ gba Èkó lẹ́nu, nítorí aago kan náà ni Benin àti Nàìjíríà ń lò. Togo kò rí bẹ́ẹ̀: aago rẹ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Benin. Ọ̀pọ̀ ará Benin sì ń gba Lomé lọ, nítorí ibẹ̀ ni ibùdó ilé-iṣẹ́ ASKY. Bàálù tó ń gbéra ní aago 12 ní Lomé ń gbéra nígbà tí aago Tré ti di 1 ọ̀sán. Ẹni tó kọjá ní ẹnubodè Hilla-Condji pẹ̀lú aago Benin lọ́wọ́ yóò tètè dé, ìyẹn kò burú. Ewu wà fún ẹni tó ń ti Lomé bọ̀ wá wọ bàálù ní Kútọnu láìrántí pé wákàtí kan ti lọ lọ́wọ́ òun ní ẹnubodè. Ó tún wà fún ẹni tó ń yí aago tí wọ́n ti kọ ní ti Lomé tẹ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì lórí ara rẹ̀.

Bí aago káńtà bá wá kọjá, ìjókòó náà kì í dúró lófìfo. Àwọn òṣìṣẹ́ á wo orúkọ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àyè wọn fún àwọn tó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti àárọ̀ pé bóyá àyè á yọ. Nígbà tí ẹni tó pẹ́ fi máa sáré wọlé, ẹlòmíràn lè ti gba káàdì ìjókòó rẹ̀. Ní ojú ìwé ilé-iṣẹ́, ẹni tí kò wá ni wọ́n ń kà á sí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ̀ fún. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì tóbi, nítorí ẹni tí kò wá ló jẹ gbèsè, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì ni wọ́n jẹ ní gbèsè.

Gbèsè ẹni tí kò wá sì lè ju owó ọjọ́ kan lọ. Lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì alọ-àtàbọ̀, bí èrò kò bá lo apá àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ á fagi lé gbogbo èyí tó kù. Ẹni tí bàálù Kútọnu sí Paris fi sílẹ̀ lè fi owó mìíràn ra tíkẹ́ẹ̀tì alọ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kó dé Paris, kó ṣe ohun tó bá lọ, kó sì wá rí i ní ọjọ́ àbọ̀ pé ìjókòó ìpadàbọ̀ òun ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Oògùn rẹ̀ ni kí èrò pe ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, kí bàálù tó gbéra, ní gbàrà tó bá ti rí i pé òun kò ní dé bá a. Ìpè yẹn, láti ẹ̀bá ọ̀nà ní Allada pàápàá, lè mú kí wọ́n yí ọjọ́ padà pẹ̀lú owó ìtanràn dípò kí gbogbo rẹ̀ ṣègbé. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kan kò gba àyípadà rárá, àmọ́ nígbà púpọ̀ owó orí tí pápákọ̀ gbà lórí ìrìnàjò tí kò wáyé ṣeé béèrè padà. Wọn kì í san án láìjẹ́ pé èrò béèrè.

Àwọn kan rò pé ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sábà máa ń ṣí ní ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbéra, ti yọ wọ́n nínú gbogbo wàhálà yìí. Ó wúlò, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní fóònù ṣe é, nítorí ó ń fún èrò ní nọ́ńbà ìjókòó kí ọ̀pọ̀ tó jí. Àmọ́ kò yí aago káńtà padà fún ẹni tó ní ẹrù láti fi sílẹ̀. Kò yí aago géètì padà fún ẹnikẹ́ni. Láti Kútọnu lọ sí Yúróòpù, òṣìṣẹ́ ṣì ní láti fojú rí páásípọ́ọ̀tù, fisà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Òkudù 2025, irú ọ̀rọ̀ yìí di ariwo ní pápákọ̀ Èkó, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole, tó ti ṣe gómìnà Ẹdó rí, kò rí bàálù Air Peace wọ lọ sí Abuja. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó dé lẹ́yìn tí àwọn ti ti ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ aago 6:30 òwúrọ̀. Òun ní òun ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfurufú, bàálù sì ti gbéra.

Ẹni tó tètè dé náà lè pàdánù ìjókòó, èyí sì ni apá tó ń dun èèyàn jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù mọ̀ láti inú ìwé wọn pé lójoojúmọ́ ni àwọn èrò kan kì í wá, nítorí náà wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye àga lọ. Bí gbogbo èrò bá wá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró. Kò lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Igbe 1972, wọ́n kọ̀ fún Ralph Nader, agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, láti wọ bàálù Allegheny tó ń lọ sí Hartford láti Washington, bó tilẹ̀ ní àyè lórí ìwé. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 1976, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gbà pé èrò lè pe ilé-iṣẹ́ tó ta àga kan fún ẹni méjì láìsọ fún wọn lẹ́jọ́. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Julian Simon, ti dábàá láti 1968 pé kí ilé-iṣẹ́ máa béèrè lọ́wọ́ èrò iye tí wọ́n á gbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda àyè wọn, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá béèrè owó tó kéré jù. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kó tó di òpin àwọn ọdún 1970 ó ti di ìlànà ní Amẹ́ríkà.

Ìlànà náà já ní ọjọ́ 9 oṣù Igbe 2017 ní Chicago. Ilé-iṣẹ́ United fẹ́ àyè mẹ́rin fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yọ̀ǹda, àwọn agbófinró pápákọ̀ sì wọ́ dókítà kan, David Dao, kúrò lórí àga tó ti jókòó sí. Fídíò rẹ̀ tàn ká gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni United gbé iye tó ga jù tó lè fi bẹ èrò tó bá yọ̀ǹda dé 10,000 dọ́là, ìyẹn sì fi hàn pé owó tó tó wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yúróòpù ló ní òfin tó kan ará Tré jù. Òfin 261 ti 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Èrèlé 2005, ní kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá kọ̀ fún èrò tí kò yọ̀ǹda, wọ́n gbọ́dọ̀ san 250, 400 tàbí 600 yúrò fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n fún un níbi tí yóò sùn, kí wọ́n sì gbé e dé ibi tó ń lọ. Láti Kútọnu dé Paris tàbí Brussels ju 3,500 kìlómítà lọ, nítorí náà 600 yúrò ni, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 393,500 fráǹkì CFA. Òfin yìí bo ẹni tó ń ti Kútọnu lọ sí Yúróòpù bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ló gbé e, bíi Air France tàbí Brussels Airlines. Kò bo ẹni tó gba Addis Ababa tàbí Casablanca lọ pẹ̀lú Ethiopian tàbí Royal Air Maroc. Ní ti ìpadàbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló bò. Britain ní irú rẹ̀, tó dé 520 pọ́n-ùn fún ọ̀nà jíjìn, ó sì bo ẹnikẹ́ni tó bá gbéra ní London padà sí Èkó, ilé-iṣẹ́ yòówù kó wọ̀.

Nílé, UEMOA, àjọ tí Benin, Togo, Niger, Burkina Faso àti àwọn tó ń ná fráǹkì CFA bíi tiwọn wà nínú rẹ̀, ti gbé ìlànà 03/2003 kalẹ̀ lórí owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n kọ̀ fún láti wọ bàálù, ẹni tí wọ́n fagi lé ìrìnàjò rẹ̀, àti ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́ gan-an. Ó ṣáájú èyí tí Yúróòpù ń lò lónìí, síbẹ̀ èrò tó mọ̀ pé ó wà kò tó nǹkan. Ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara káńtà ní Cadjèhoun ní èdè tí àwọn èèyàn gbọ́, Yorùbá àti Fọn pẹ̀lú Faransé.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló sì tún padà wá sínú òfin. Òfin Yúróòpù ní ẹni tó fi ara hàn ní aago tí ilé-iṣẹ́ sọ ni òun ń gbèjà, bí wọn kò bá sì dá aago kan, kó ti wà níbẹ̀ ní 45 ìṣẹ́jú ó kéré tán ṣáájú ìgbéra. Bí èrò méjì bá jọ ti Dassa wá, tí bàálù wọn sì ti kún ju àga lọ, èyí tó dé káńtà kí ó tó tì lè padà sílé pẹ̀lú 600 yúrò àti tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la. Èyí tó dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ohunkóhun láti béèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò gùn ún.

Fún ìdí yìí, ẹ̀rí àkókò ṣe kókó fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún. Kí ó má ṣe kúrò lẹ́nu káńtà títí wọn yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kọ̀ fún un, ìdí rẹ̀, àti aago tó dé. Bí wọn kò bá gbà láti kọ ọ́, kó ya àwòrán káńtà náà pẹ̀lú fóònù tó ń gbé aago jáde, kó sì pa tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì oúnjẹ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Ilé-iṣẹ́ bàálù náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ANAC, àjọ ìrìnnà òfurufú Benin ní Kútọnu, tàbí NCAA, àjọ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, bó bá jẹ́ láti Èkó ni. Bí wọ́n bá sì fi ìwé kan síwájú èrò pé kó fọwọ́ sí i, kó kà á dáadáa kó tó gbé bírò, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda àyè òun fúnra òun kò lè béèrè owó tí òfin là kalẹ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ̀ fún mọ́. Iye tí òun àti ilé-iṣẹ́ bá jọ gbà lẹ́nu káńtà ló kù fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní owó gidi, kì í ṣe ní ìwé ìdínwó tó máa kú lẹ́yìn ọdún kan.